Mọ́dẹ̀lì Ìbọn Bàbá Mi

Ìlà kan ṣoṣo ló kù nínú fọ́ọ̀mù náà, ìlà yẹn ló sì fẹ́ sọ mí di wèrè. Mọ́dẹ̀lì ìbọn bàbá mi ni wọ́n ní ká kọ síbẹ̀. Ọlọ́pàá tó fún wa ní fọ́ọ̀mù ti là á mọ́lẹ̀: bí a kò bá mú un wá ní pípé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò sí láísẹ́ǹsì tuntun, ìbọn á sì di ti téṣàn. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti ń fi ìbọn yẹn ṣọdẹ ní Ìjanikin. Bí wọ́n bá gbà á, mi ò mọ ohun tí bàbá á tún máa tìtorí ẹ̀ jí láàárọ̀.

Ìbọn òyìnbó ni, kì í ṣe ṣakabùlà. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n á tún tì síwájú, kí ọta tó wọlé. Àlòkù ni bàbá rà á lọ́wọ́ ọdẹ àgbà kan. Mo bi wọ́n pé irú ìbọn wo ni.

"Ó ń pa ẹran. Kí lo tún fẹ́ mọ̀?"

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe l'Álàbá, ní kí n fọkàn balẹ̀, kò sí ẹ̀rọ táwọn kò lè dá mọ̀. Ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ káàkiri. Ẹnì kan ní ti Jámánì ni. Ẹlòmíì ní ti Rọ́ṣíà. Ẹ̀kẹta bi wá pé èló la fẹ́ tà á. Orí wọn burú!

"Àǹtí mi, wọ́n ní ara irin níbi tó ti pàdé igi ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí," ni àbúrò mi wí nígbẹ̀yìn.

Ibẹ̀ gan-an ni bàbá mi fi awọ dì. Bí wọ́n bá ti pa àgbọ̀nrín, wọ́n á gé awọ ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n á wé e ní tútù mọ́ ìbọn, wọ́n á rán an pa. Bó bá gbẹ, ó le kankan mọ́ ọn nìyẹn. Mi ò mọye ìpele tó wà níbẹ̀.

Mo ní ká tú u. Bàbá ní ta ló tó bẹ́ẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n, tí aṣọ àwọn oníbàárà wà nílẹ̀ láìrán ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ígbó-Elérin, tí wọ́n ń pè mí kíkankíkan. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí bàbá ṣe lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo mú réésà, mo tú awọ náà kúrò. Aránṣọ ni mí, iṣẹ́ mi ni títú òwú. Ọ̀rá ẹran ò jẹ́ kí irin náà dípẹtà, lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere: orúkọ ilé iṣẹ́ òyìnbó kan àti nọ́ńbà mẹ́ta. Èmi nìkan hó yèè nínú ilé.

Nígbà tí bàbá dé, wọ́n rí ohun tí mo ṣe. Wọ́n lóṣòó, wọ́n ń ṣa awọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n na ọ̀kan sí mi.

"Ẹran tí a fi ṣe ìkómọ rẹ rèé."

Ojú tì mí, síbẹ̀ mo kọ mọ́dẹ̀lì náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé fọ́ọ̀mù àti ìbọn lọ sí téṣàn, ọlọ́pàá lu òǹtẹ̀ láì wo ìlà yẹn. Mo nàka sí i.

"Ah, madam, hunting gun ti tó now. Èwo ni wàhálà?"

Ó ku díẹ̀ kí n gé e jẹ.

Mo gbé ìbọn padà sílé, mo gbé e síwájú bàbá pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tuntun. Wọ́n wò ó títí, wọn kò fọwọ́ kàn án.

"Gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ," ni wọ́n wí. "Awọ tó wà lára rẹ̀ lèmi mọ̀. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."