Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Bá Mi Lọ Rí Olùdámọ̀ràn

Ọjọ́ tí bàbá mi bá mi lọ rí tíṣà olùdámọ̀ràn ilé-ìwé wa n'Ílá kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni èémí mi ti máa ń há ní kíláàsì, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́nú àpótí.

"Sìkírá, kí ló ń ṣe ọ́?" ni tíṣà bi mí.

Bàbá mi ló fèsì: "Kò sóhun tó ń ṣe é, tíṣà."

Gbogbo ìbéèrè ni wọ́n bá mi dáhùn. Ọmọ wo ni yóò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bàbá rẹ̀? Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, bàbá mi jáde lọ ṣe àlùwàlá. Kíá ni mo sọ ọ́: "Mà, mi ò rí oorun sùn mọ́."

Mo gbójú sókè. Bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán ní irùngbọ̀n wọn.

"Èmi náà ò rí i sùn," ni wọ́n wí.

Wọ́n jókòó. Wọn kò bá mi dáhùn mọ́.