Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Mọ́tò Améríkà Mi

Kò sí panẹ-bítà tó mọ irin lù tó mi ní gbogbo Peckham. N kò fi yangàn o, ohun tí ojú rí ni mo ń sọ. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ ní Mushin, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé títí irun orí wọn fi re, bí ẹnikẹ́ni bá ti kọ lu ilẹ̀kùn mọ́tò wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá, lábẹ́ afárá rélùwéè níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ìka kan irin báyìí, kó, kó, yóò sì sọ ibi tó ń dùn ún fún mi.

Bàbá òyìnbó kan ló kú nítòsí Peckham Rye. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó ẹrù inú gáréèjì rẹ̀ dànù, wọ́n sì pè mí pé kí n wá wo irin kan. Nígbà tí a ká tapólì kúrò lórí rẹ̀, mọ́tò Améríkà ni mo rí, ilẹ̀kùn méjì, imú gbọọrọ, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Irú èyí tí àwọn ọmọ Améríkà fi ń sá eré àsápajúdé láyé ọjọ́un ni. Ó ti dógùn-ún láti ìdí dé orí. Wọ́n ní bí mo bá lè wọ́ ọ kúrò níbẹ̀, kí n máa mú un lọ.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tún un ṣe, gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, òjò ni, yìnyín ni. Mo gé gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ tó ti jẹrà, mo jó irin tuntun mọ́ ọn. Máàdigáàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òòlù ọwọ́ mi ni mo fi lù wọ́n padà sí ìrísí wọn, n kò ra ọ̀kankan. Mo wá kùn ún ní ọ̀dà búlúù tó ń dán débi pé èèyàn lè dúró níwájú rẹ̀ kó fi ṣe dígí fá irùngbọ̀n.

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ́ ọ délé ni mo ti sọ fún ìyàwó mi pé mọ́tò yìí ni ọ̀nà wa sí Mẹ́kà. Bí mo bá tà á, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyàwó mi ń ṣe ní New Cross, ó sì ti ń fẹ́ lọ sí Mẹ́kà láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Kì í sọ ọ́ léraléra. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó lọ bá dé, tí wọ́n bá ń ròyìn, èmi máa ń wo ojú rẹ̀. Èmi ní tèmi ti sọ ọ́ káàkiri. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti ń pè mí ní Àlàhájì kí n tó rí fíìsà, mo sì ń dá wọn lóhùn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìyàwó mi ló bá mi tẹ ìpolówó rẹ̀ sórí fóònù. Èmi ń sọ, òun ń tẹ̀.

"Mọ́tò Améríkà àtijọ́. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ dunjú ló tún un ṣe. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di tuntun. Ẹni tí kò bá lówó kó má pè."

"Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?"

"Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. A ya fọ́tò ìta rẹ̀ mẹ́wàá.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ pè, láti Stockwell. Ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọ ẹnu. Mo rò pé ọkọ rẹ̀ ló rán an. Nígbà tó dé ní àárọ̀ Sátidé, aṣọ iṣẹ́ alápapọ̀ àwọn mẹkáníìkì ló wọ̀, bàtà rẹ̀ kún fún ọ́ìlì, bóyá ni yóò tó ẹni ogójì ọdún. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọkọ rẹ dà?"

"Ó wà nílé, Uncle, ó ń sùn. Èmi ni mo fẹ́ ra mọ́tò."

Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn, kí òun máa ra mọ́tò Améríkà àtijọ́ kí òun sì máa tà wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, ó ti fi ẹ̀yìn fà wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ níbẹ̀. Kó, kó. Ẹ̀yìn ìka ló fi ń kàn án! Ta ló kọ́ obìnrin yìí?

Ó jáde, ó dìde, ó ń nu ọwọ́.

"Uncle, ta ló ṣe irin yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Ṣé o rí ẹlòmíràn níbí ni?"

"Mo búra, Uncle, mi ò rí irú ọwọ́ yìí rí. Mi ò mọ ibi tí ẹ ti jó o pọ̀."

Ẹ ò rí i? Mo ti mọ̀. Mo nà tán bí òpó iná. Ó wá ní kí n bá òun ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i bí ẹni tó ń ṣí ìbòjú ìyàwó tuntun, mo sì yí kọ́kọ́rọ́ kí ó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó ti jí. Kò hó, kò wúkọ́. O lè gbé ọmọ sùn sórí rẹ̀.

Obìnrin yìí súnmọ́ ọn. Ó wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo ojú mi. Ó tún wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Uncle."

"Hẹn."

"Níbo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà?"

"Òun lò ń wò yẹn."

"Rárá, sà. Tiẹ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n fi ṣe é ní Améríkà."

"Áà, ìyẹn! Mo ti yọ ìyẹn kúrò. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, tó ń mu epo bí ọ̀mùtí, tó sì ti dì pọ̀. Mo fún oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tó ń kó irin àlòkù. Ti Jàpáànù ni mo fi sí i, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kò lè yọ ọ́ lẹ́nu láéláé."

Ó jókòó sórí táyà. Mo rò pé òòyì ń kọ́ ọ ni, mo sáré bu omi wá.

Kí ẹ má rò pé mo ya wèrè, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ti darúgbó, a kì í bẹ̀ ẹ́. A ó yọ ọ́ dànù, a ó lọ ra tòkunbọ̀ tó lágbára, a ó sì gbé e wọlé, oníbàárà yóò sì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Báyìí ni mo ṣe fún àwọn onítakisí, báyìí ni mo ṣe fún alápatà tó wà ní òdìkejì títì. Kò sẹ́ni tó padà wá bá mi jà. Ohun tó dára jù lọ ni mo fi sínú mọ́tò yẹn. Òun gan-an ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó wí, ó ń rọra sọ ọ́ bí ẹni ń túfọ̀. "Nọ́ńbà kan wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà lára mọ́tò. Àwọn tó ń ra irú mọ́tò yìí, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Kódà kó ti dì pọ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un ṣe. Ariwo ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rà. Wọ́n fẹ́ kó máa bú ramúramù kí àwọn aládùúgbò máa ṣépè."

"Ariwo tí mo pa lẹ́nu mọ́?"

"Ariwo tí ẹ pa lẹ́nu mọ́, sà."

"Ó tó mélòó nínú owó mọ́tò?"

"Ó lé ní ìdajì."

Ìdajì! Ìdajì! Èmi náà wá táyà kan jókòó lé. Mo pe oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù lójú ẹsẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ni, mo ní ṣé ẹ́ńjìnnì tí mo fún un ṣì wà.

"Ọ̀gá mi, láti ọdún mẹ́ta?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti yọ́ ọ tipẹ́. Ẹ lọ máa wá a nínú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn èèyàn!"

Mo pa fóònù. Obìnrin yẹn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ọlọ́run á bá mi bù kún un. Ó ní iṣẹ́ irin náà nìkan ni òun lè sanwó fún. Ó dárúkọ iye kan. Mo fi ọkàn ṣírò rẹ̀. Ẹnì kan péré ló lè gbé dé Mẹ́kà. Mo ní kó fún mi di ìrọ̀lẹ́.

Ìyàwó mi ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo, kò pariwo. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Ẹnì kan ṣoṣo?"

"Ẹnì kan ṣoṣo."

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Bí ẹran bá ku ẹyọ kan nínú àwo, ọkọ á tì í sí ìyàwó, ìyàwó á ní rárá o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, á sì tì í padà. Bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo wú ikọ́, mo ṣe ojú bí ọkùnrin, mo ní:

"Ìwọ máa lọ."

Mo wá dúró kó tì í padà.

Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á pèsè tiyín." Ló bá dìde, ló wá fóònù rẹ̀ láti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó mì mí tó èyí.

"O ò tiẹ̀ ní í... o ò tiẹ̀ ní í rò ó wò?"

Ó yíjú padà sí mi. Kò bínú.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ọdún mẹ́fà ni mo fi dá jẹun ní gbogbo Sọ́ńdè. Mo ti rò ó tán."

Mo pe obìnrin Stockwell, mo ní kó wá gbé mọ́tò.

Obìnrin Stockwell wá gbé mọ́tò lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo yíjú láti lọ mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí mo padà, ó ti lọ. N kò gbọ́ ìgbà tó gbéra. Ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀lé e, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni bàbá àgbàlagbà kan ké sí mi.

"Àlàhájì! Ìgbà wo lẹ̀ ń gbéra?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo gbé orí sókè.

"Ìyàwó mi ló ń lọ, sà."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ni mo fi ọwọ́ mi ṣe mọ́tò tó ń gbé e lọ."

"Láti Peckham? Mọ́tò wo ló ń rìn dé Mẹ́kà láti Peckham?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ọkọ Àlàhájà, ẹ wọlé o!" ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìyàwó mi yóò lò, mo sì ń ronú pé n kò tíì fi ọwọ́ ara mi tan sítóòfù ilé wa rí.