Ọjọ́ Tí Madam Odẹ́sà Kọ̀ Láti Jókòó

Bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà fún mi lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí bàtà ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ fún wa. Ògbufọ̀ ni mí ní Douala: mò ń sọ Faransé di Gẹ̀ẹ́sì, mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá. Alhaji Ràjí tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi: "Sàrátù, ògbufọ̀ kì í fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bí ọlọ́rọ̀ bá dúró, kí ìwọ náà dúró."

Àsìkò la crise ni, tówó wọ́n gógó, táwọn èèyàn ń ti gbogbo ìlú pa láti fi bá ìjọba jà. Ville morte là ń pè é: kò sí takisí, kò sí ọjà. Àwọn ìyá wa ní ọjà Nkololoun náà ti ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìgbà tí wọ́n máa padà dé, ọ̀gá kan tó ń mójú tó ọjà ti fi àgádágodo tirẹ̀ kún tiwọn. Ó ní ṣebí títì ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n máa tì í lọ. Gbogbo ẹja gbígbẹ tí Màámi ní láyé wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Yóò fi etí lé ilẹ̀kùn, yóò ní òun ń gbọ́ bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹja. "Èmi ni wọ́n ń jẹ o!" Ẹkún ni mo máa ń sun bí mo bá rí i bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni Madam Odẹ́sà bá wa. Adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà ni, aṣòfin ní ìpínlẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, ó wá kí àwọn obìnrin ọlọ́jà. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé-ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àdúgbò rẹ̀ pa, inú bí i, ó gbé àpótí ìbò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin, òyìnbó arúgbó kan na ife sí i, ó rò pé ìránṣẹ́ tó ń bu tíì ni. Madam bu tíì fún bàbá, ó sì jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ṣúgà ńkọ́?" ni bàbá bi í.

"Ó wà lọ́hùn-ún. Ẹ bá mi mú tèmi bọ̀."

Nínú takisí ló ti sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ kì í jókòó. Bó bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán nìyẹn. Lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yẹn, ó dúró sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, wọn ò sì lè ti ilé-ìwé náà pa mọ́. Èmi náà sọ fún un pé nílẹ̀ tiwa, ọmọdé kì í jókòó kí àgbà àlejò wà lórí ìdúró. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀gá tó ti ọjà pa ń fẹ́ bá àlejò Amẹ́ríkà ya fọ́tò, ó ní ká wá sí ọ́fíìsì òun.

"Asseyez-vous, Madame!" Ó nawọ́ sí àga.

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni Madam wí. "Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ ṣì wà lẹ́nu mi."

Yéè! Ọ̀gá ò lè jókòó. Obìnrin tó tó ìyá rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n gbé omi wá, Madam ò gbà á, ọ̀gá sì mọ̀ pé àlejò tó bá kọ omi, ẹjọ́ ló gbé wá. Ni Madam bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá rẹ̀ àgbà tó ń já òwú lóko olówú, mo sì ń túmọ̀ lọ. Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ń wo àga rẹ̀ bí ẹni tó ń wo oúnjẹ lọ́sàn-án ààwẹ̀.

Bàtà ń jẹ mí. Mo rọra ń gbé ìdí lọ sí eteetí àga kan.

"Sàrátù," Madam ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, "ẹja ta ni?"

Mo nà ró ṣánṣán.

Ìgbà tó dé orí ìyá rẹ̀ tó ń fọṣọ fún àwọn òyìnbó, ọ̀gá kígbe pé, "Kí ni Madame ń fẹ́ gan-an?"

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́." Mi ò dúró kí Madam sọ ọ́. Kí Alhaji Ràjí foríjì mí.

Ọ̀gá ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Madam mu omi, ó sì jókòó. Nínú fọ́tò náà, ọ̀gá ló rẹ́rìn-ín jù, torí ó ti rí ibi jókòó. Èmi ò ní bàtà lẹ́sẹ̀.

Kòkòrò ti jẹ lára ẹja náà, ṣùgbọ́n ìyókù ni Màámi fi tún ọjà bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi obìnrin tí mo bí síbí, tí Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, ló ń tẹ̀lé àwọn ìyá ọlọ́jà lọ sí ọ́fíìsì báyìí. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan: "Maman, ẹsẹ̀ ń dùn mí, wọ́n sì ní ká jókòó."

Mo ní, "Ẹja ta ni?"