Ẹ̀jẹ̀ Aáfà Lùkúmọ̀n Sọ̀kalẹ̀

Ọmọ Ìlọrin ni Aáfà Lùkúmọ̀n, ṣùgbọ́n Jos ló hewú sí. Ládùúgbò Jenta Adamu níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ Kùránì sórí wàláà fún àwọn ọmọ kéwú. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ nìyẹn.

Ìjọba ní kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn àdúgbò. Aáfà lọ. Tabitha ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá; Hausa ni wọ́n fi gbọ́ ara wọn yé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ga jù, ó fún un lóògùn. Aáfà lò ó. Nígbà tó padà lọ, Tabitha rẹ́rìn-ín.

"Malam, jininka ya sauka." Ẹ̀jẹ̀ yín ti sọ̀kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ka Kùránì parí, Hausa a ní ó ti ṣe sauka. Bí Aáfà ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Àìsàn ti parí. Ó ra màsà, àkàrà ìrẹsì, fún àwọn ọmọ kéwú, ó pa oògùn tì.

"Wòlímà ẹ̀jẹ̀ rèé," ni Rùkáyyàh, ìyàwó rẹ̀, wí. "Wọn ò pè mí sí irú ẹ̀ rí."

Kí òjò ọdún náà tó dá, kẹ́tùlù àlùwàlá bọ́ lọ́wọ́ Aáfà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún kú. Rọpárọsẹ̀ ni.

Nígbà tó lè rìn, ó padà sọ́dọ̀ Tabitha.

"Malam, ta ló ní kí ẹ dá oògùn dúró?"

"Ìwọ. O ní ya sauka."

"Oògùn ló mú un sọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á tún gòkè."

"Kí ló wá pa ọ́ lẹ́nu mọ́ nígbà náà?"

Tabitha wo èrò tó tò lẹ́yìn rẹ̀. "Baba, wíwọ̀n ni wọ́n ní ká máa wọ̀n. Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Ó dáa. Fún mi lóògùn."

"Babu. Ó ti tán. Wọn ò tíì kó òmíràn wá."

Aáfà gbójú sókè. Àwòrán ọ̀gá ìjọba kan wà lára ògiri, ó fọwọ́ lé àyà, ó ń rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹni yìí ńkọ́? Ṣé oògùn tiẹ̀ náà ti tán?"

Tabitha pe ẹni tó kàn.

Nílé, àwọn ọmọ ti jókòó, wàláà lórí itan. Aáfà há gègé sáàárín ìka ọ̀tún. Ó bọ́. Ó tún há a. Ó bọ́.

"Ẹ fi òsì kọ ọ́," Rùkáyyàh rọra sọ.

"Òsì tí mo fi ń wẹ ìdí?"

Ó ní kí wọ́n ka èyí tí wọ́n ti mọ̀. Wọ́n kà á, wọ́n tún kà á. Èyí tí wọ́n kà lánàá náà ni. Nígbà tó yá, ìyá ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí Aáfà dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aáfà mìíràn.