Páànù Mẹ́rìnlá Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ olóògbé Bàbá Onísinimá tí kì í kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ korobá omi.

Ìyàwó rẹ̀ ló lọ pe panápaná. Páànù mẹ́rìnlá, àwọn agolo pẹrẹsẹ tí wọ́n ká fíìmù àtijọ́ sí, wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ kí ilé tó jóná. Ọ̀gá panápaná bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, ó ní fíìmù lásán ni, korobá omi kan á pa iná ẹ̀. Inú bí bàbá. Ó gé díẹ̀ nínú fíìmù náà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó ṣáná sí i ní ẹ̀yìnkùlé, ó tì í bọ omi. Iná ń jó nìṣó nínú omi.

"Ó gbé atẹ́gùn tí iná ẹ̀ fi ń jó dání," ni bàbá wí, ó ń yangàn. "Ẹ lọ pọn omi òkun wá."

Ọ̀gá yọ bírò, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá borí nínú àríyànjiyàn, ó pàdánù ẹjọ́. Ó kúkú kó wọn kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́. Ẹ̀yìn àga ìyàwó rẹ̀ ló kó wọn sí.

Kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí irú baba bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá pè é ní fíìmù, á ní òwú ni, òwú tí wọ́n fi ásíìdì sọ dà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀tù ìbọn, wọ́n fi ṣe ìyarun, kí wọ́n tó wá fi ṣe fíìmù. Ó ní ọkùnrin kan láyé àtijọ́ da ásíìdì sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó fi aṣọ ìdáná ìyàwó rẹ̀ nù ún, ó sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, aṣọ náà gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì pòórá lójú ẹ̀. Ìyá, ìyàwó bàbá, ní ìyàwó ọkùnrin yẹn lòun káàánú.

Ìyá mọ ohun tó ń wí. Nítorí páànù wọ̀nyí, ìta ló ti ń dáná, òjò ìbáà máa rọ̀. Áyọ́ọ̀nù di èèwọ̀ nínú ilé, ogún ọdún ló fi wọ aṣọ rírún jáde. Láràárọ̀, kí bàbá tó kí i, á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páànù kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ìdí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilé sinimá tó ti ń ṣiṣẹ́ pa, wọ́n ní kó dáná sun àwọn fíìmù náà. "Gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀ ló ti kú," ó ní. "Èwo nínú wọn ni kí n dáná sun?"

Lẹ́yìn tó kú, àwọn tó ń tọ́jú fíìmù sínú yàrá tútù wá kó wọn. Ìyá ní kí wọ́n tètè máa kó wọn lọ. Nígbà tó ku páànù kan, ó dá wọn dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án.

"Ẹ máa fọwọ́ kàn wọ́n láràárọ̀," ó ní, "kẹ́ ẹ tó kí ara yín."

Ọjọ́ kejì, ó tẹ́ aṣọ, ó tan áyọ́ọ̀nù. Ó wo ẹ̀yìn àga tó ṣófo, ó sì fa wáyà yọ.

"Baba yìí ò ní jẹ́ n sinmi," ó ní. Ó sọ ọ́ bí ẹni tínú ń bí, àmọ́ àárò rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Aṣọ rírún ló wọ̀ jáde.