Snapshot tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún níwájú kọ̀ǹpútà ní Trans-Amadi láàárọ̀ yìí.

Mo ṣe update sí server iléeṣẹ́ wa láì kọ́kọ́ ya snapshot tí màá fi dá a padà bó bá bàjẹ́.
Ó bàjẹ́. A ò lè tẹ ìwé ẹrù fún àwọn dẹ́rẹ́bà tó ti tò sí géètì.

Ọ̀gá mi máa ń rán mi létí ṣáá, ó sì máa ń sú mi. Wọ́n fẹ̀yìntì lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo wá snapshot káàkiri. Mo rí ọ̀kan, ọjọ́ Ẹtì yẹn ni wọ́n yà á. Orúkọ tí wọ́n fún un ni "Bùkọ́lá á gbàgbé."

Mo fi dá server padà. Ó jí pépé. Mo pè wọ́n.

"Dáddì, ẹ ṣé gan-an ni."
"O don gbàgbé, àbí? Oya, ya òmíràn kí o tó lọ jẹun."

Ta ni tiyín níbi iṣẹ́? Ẹ dárúkọ wọn, kí n bá yín kí wọn.