K'ófà Sàlíhù

Ẹni tó bá wà nídìí súyà ní Ojú Ẹlẹ́gbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kò lè gbàgbé olóògbé Sàlíhù tó ń lẹ táyà ní Pápá Àjàó. Bàbá kọ̀, kò gba súyà tó rà. Ó ní àfi kí Habeeb tó ń sun ún kọ́kọ́ pe "k'ófà" bó ṣe yẹ, ìyẹn ẹnu ọ̀nà lédè Haúsá, kí k rẹ̀ bú jáde lẹ́nu.

"Ìwọ ọmọ Kánò, k' yìí kò bú lẹ́nu rẹ?"

"Bàbá, Ìpọ̀nrí ni wọ́n bí mi o!"

Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo oníbàárà ti ń ṣe "k'! k'!" lé ẹran lórí. Ẹran tí wọ́n tutọ́ sí tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́? Sàlíhù ló jẹ ẹ́.

Kánò ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ti kó ìró yìí bọ̀. Ó ní kì í ṣe Haúsá nìkan ló ni ín. Ará Etiópíà kan tóun bá pàdé níbẹ̀ ń fi t àti p ṣe é. Tó bá délé, kì í kan ilẹ̀kùn. "K'ófà!" ni yóò ké sí Kùdírátù ìyàwó rẹ̀, bí ìgbà tí ìdérí ìgò bá fò.

Ó wu Kùdírátù kóun náà mọ̀ ọ́n ṣe, kó fi dá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

"Ìyá Roqeeb, sé ọ̀fun rẹ bí ẹni fẹ́ gbẹ́rù wúwo. Fi ẹ̀yìn ahọ́n dí òkè ẹnu. Afẹ́fẹ́ ti há sáàárín nìyẹn. Fi gògóńgò tì í sókè bíi pọ́ǹpù, kó o wá jù ú sílẹ̀. Má mí o!"

Kùdírátù ṣe é. Sàlíhù gbọ́wọ́ síwájú ẹnu rẹ̀.

"Háà! Táyà tó ń jò nìyí."

"Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre, Bàbá Roqeeb, ìrẹsì ń jó!"

Ikú dé. Wọ́n ṣe fìdáù tán, Roqeeb ọmọ wọn padà sí Ìbàdàn, ilé wá dá páropáro. Ẹnu ọ̀nà tó dákẹ́ yẹn ló ń dun Kùdírátù jù. Ojoojúmọ́ ló ń gbìyànjú ìró náà, ẹ̀rù ń bà á pé ó ti bá ọkọ òun wọlẹ̀. Èémí ṣáá ló ń jáde.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, ó bu oúnjẹ ẹni méjì láìmọ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Shakirat, aládùúgbò rẹ̀, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Kùdírátù kò sì fẹ́ kó gbọ́. Ó há ẹkún náà mọ́ ọ̀fun, ọ̀fun sé pinpin. Ó la ẹnu.

"K'ófà!"

Ó dún ketekete.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá Roqeeb," Shakirat ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, "ta ló wọlé yẹn?"

Kùdírátù bú sẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Èmi ni, Shakirat," ó ní. "Èmi nìkan ni."